Ọ̀sẹ̀ Méjì Tó Wà Láàárín Èmi àti Ẹ̀gbọ́n

Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní California, ọjọ́ orí kọ́ ni wọ́n fi ń mọ àgbà olùkọ́. Ọjọ́ tí èèyàn kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ gbowó lábẹ́ àgbègbè ẹ̀kọ́, ìyẹn àjọ tó ń darí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àdúgbò kan, ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò kàn mí títí di oṣù Kejì 2024, nígbà tí ọ́fíìsì fi ìwé ipò-àgbà ránṣẹ́ sí gbogbo wa, tí mo sì rí orúkọ mi lókè orúkọ Ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n ni mo máa pè wọ́n níbí náà, torí bí mo ṣe ń pè wọ́n nìyẹn. Mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò sì ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wa tàbí ìlú tó wà. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi jù mí lọ. Kí wọ́n tó dé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ni ní Ìṣirò. Ní tèmi, Amẹ́ríkà ni mo ti kọ́kọ́ dúró níwájú kíláàsì, àwọn ni wọ́n sì kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń mú kí ọmọ ọgbọ̀n dákẹ́ láìgbé ohùn sókè: dúró, wo ojú ẹni tó ń pariwo jù, má sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, n kò fi "ìwọ" bá wọn sọ̀rọ̀ rí. Ṣùgbọ́n lórí ìwé yẹn, ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 2018 ló wà níwájú orúkọ mi, ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ 2018 ló wà níwájú tiwọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe ẹ̀gbọ́n Ẹ̀gbọ́n mi.

Ọ́fíìsì fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà ló sì ń kọ́kọ́ lọ. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ dín wọn kù ò ṣókùnkùn. California kì í fi iye orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà sanwó fún ilé-ẹ̀kọ́. Iye ọmọ tó ń wá lójoojúmọ́ ni ìpìlẹ̀ ìṣirò náà. Àwọn ọmọ sì ń dín kù. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2019 sí 2020, wọ́n lé ní mílíọ̀nù 6.1 ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Nígbà tó fi di 2023 sí 2024, wọ́n ti wálẹ̀ sí bíi mílíọ̀nù 5.8. Owó Kòrónà tí ìjọba àpapọ̀ pín ló fi àlàfo náà pamọ́ fún wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pín in, gbogbo rẹ̀ tó bíi bílíọ̀nù 190 dọ́là, èyí tó kẹ́yìn tó sì pọ̀ jù gbọ́dọ̀ ti ní ohun tí wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún kí ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2024 tó kọjá. Àgbègbè tiwa ti fi tirẹ̀ gba olùkọ́ kún olùkọ́. Owó tó ní ọjọ́ tó máa tán ni wọ́n fi gba èèyàn tí owó oṣù rẹ̀ kò lọ́jọ́ tó máa tán. Olùkọ́ Ìṣirò ni wá, ó yẹ kí a ti rí ibi tí ìyẹn ń lọ. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa, torí kíláàsì wa ti fúyẹ́, ó sì dùn mọ́ wa.

Òfin ní kí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ dìbò lórí irú iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ dín kù, kí ẹni tọ́rọ̀ kàn sì gba ìwé rẹ̀, ó pẹ́ tán, lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹta. Ẹni tó gbà á lè ní kí adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ òun. Bí ẹjọ́ ò bá gbè é, ìwé ìkẹyìn á dé kó tó kọjá ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún. Pink slip ni àwọn olùkọ́ ń pe ti oṣù Kẹta yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé funfun báláú ni gbogbo èyí tí mo ti fojú rí. Ní tiwa, ìgbìmọ̀ dìbò pé kí olùkọ́ Ìṣirò mẹ́ta kúrò ní gbogbo àgbègbè. Bí a bá kà á láti ìsàlẹ̀ ìwé ipò-àgbà lọ sókè, Ẹ̀gbọ́n ni ẹnì kẹta, èmi ni ẹnì kẹrin. Àárín wa gan-an ni ọ̀bẹ gbà.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀ ni àìsàn ti wọlé wọn. Ọmọ ìyá wọn tó kẹ́yìn ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ẹni ọdún 38. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń bì, ó ní kò ju òtútù lásán lọ. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n gbé e dé ọsibítù, àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba kíndìnrín méjèèjì jẹ́. Kíndìnrín kì í ké. Ó lè bàjẹ́ kọjá ìdajì kí ẹni tó ni ín tó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Wọ́n ki rọ́bà bọ òpó ẹ̀jẹ̀ níbi àyà rẹ̀, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀jẹ̀ fún un. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n dá a sílẹ̀ pẹ̀lú àyè kan ní ibùdó ìfọ̀jẹ̀: ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé, láti aago mọ́kànlá àárọ̀, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin lórí ẹ̀rọ. Aláìsàn tuntun kì í yan àkókò. Àyè tó bá ṣí sílẹ̀ ló ń gbà.

Aago mọ́kànlá ni kíláàsì kẹrin Ẹ̀gbọ́n lójúmọ́ ń bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ àìsàn mẹ́wàá ni olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ń gbà lọ́dún, èyí tí kò bá lò sì ń kún ara wọn. Èyí tí Ẹ̀gbọ́n ti kó jọ ti bá iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe ní 2022 lọ. Nígbà tí oṣù Kejì fi máa parí, ti ọdún náà pẹ̀lú ti tán. Wọ́n lọ sí ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ láti béèrè ìsinmi ìtọ́jú ẹbí. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ sọ fún wọn pé òfin ìjọba àpapọ̀, èyí tó ti wà láti 1993, gba ọ̀sẹ̀ 12 láìgbowó láti fi tọ́jú ọkọ, aya, òbí tàbí ọmọ. Kò ka àbúrò kún un. Òótọ́ ni. Ohun tí akọ̀wé náà ò sọ ni pé California ní òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀, àti pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2021 ni òfin yẹn ti ka ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mọ́ ẹbí. Aṣojú ẹgbẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, obìnrin Amẹ́ríkà kan tó ń kọ́ni ní Ìtàn, ló wá a rí. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó sì fi í sínú àpótí lẹ́tà Ẹ̀gbọ́n. Kò bá wọn sọ̀rọ̀ ìtùnú kankan. Nínú gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe lóṣù yẹn, bébà yẹn ló wúlò jù.

Ìsinmi náà ò sanwó, iṣẹ́ àti ìnṣọ́ránsì nìkan ló ń dáàbò bò. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní California máa ń gba apá kan owó oṣù wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bí wọ́n bá ń tọ́jú ẹbí, torí wọ́n ti ń yọ ọ́ lára owó wọn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ò sí nínú ètò yẹn. Àwa náà ò sí níbẹ̀. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n ṣaláìní, nígbà náà, ni ọjọ́ tó ń gbowó.

Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé òfin gba olùkọ́ láàyè láti fi ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀ sílẹ̀ fún olùkọ́ míì tí àìsàn ńlá bá kan òun tàbí ará ilé rẹ̀, bí àgbègbè bá ti gbà bẹ́ẹ̀ nínú àdéhùn, tiwa sì ti gbà. Mo bá jókòó lálẹ́ ọjọ́ Sunday kan, mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn sí ojú WhatsApp àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Mo sọ irú àìsàn tó jẹ́, mo sọ pé ọmọ ìyá wọn ni, mo sọ rọ́bà tó wà láyà rẹ̀. Ó wú mi lórí bí mo ṣe kọ ọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni mọ́kànlá ti fi àmì ọkàn pupa sí i.

Ẹ̀gbọ́n dúró dè mí níbi ìgbọ́kọ̀sí ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Ta ló ní kí o gbé àìsàn ọmọ ìyá mi sí gbangba?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni."

"Mo mọ̀. O ò bi mí."

Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọn ò fi wá jókòó sí yàrá mi ní àkókò ìsinmi ọ̀sán, àwa tí a ti ń jókòó pọ̀ fún ọdún márùn-ún. Mo pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, àmọ́ ẹni tó ti kà á ti kà á. Ọmọ kíláàsì keje kan béèrè lọ́wọ́ wọn nínú ọgbà bóyá àbúrò wọn máa kú. Mi ò mọ bí ó ṣe dé etí ọmọ náà, àmọ́ mo mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Aṣojú ẹgbẹ́ ló tún un ṣe. Fọ́ọ̀mù tí ẹgbẹ́ fi ń kó ọjọ́ jọ ò ní ibi tí a ti ń kọ irú àìsàn; ìwé dókítà á lọ sí ọ́fíìsì tààrà, ohun tí àwọn tó kù á rí kò ju pé olùkọ́ kan ń fẹ́ ọjọ́. Ó kọ́kọ́ mú un lọ fún Ẹ̀gbọ́n kà. Wọ́n yí ọ̀rọ̀ méjì padà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Wákàtí mẹ́jọ ni ó kéré jù tí èèyàn lè fi sílẹ̀, bó bá sì ti fi í sílẹ̀, kò lè gbà á padà. Èèyàn mẹ́rìnlá fọwọ́ sí i, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 29. Mo fi mẹ́jọ sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ni ní Ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ kejì, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá lórí ìwé ipò-àgbà, fi mẹ́rin sílẹ̀. Kò bá Ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ rí. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé olùkọ́ tó ti lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lè kó ọjọ́ àìsàn rẹ̀ lọ sí àgbègbè míì ní California, nítorí náà kì í ṣe ohun tó máa sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi tọrẹ.

Kíláàsì ńkọ́? Ìyẹn rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, Ẹ̀gbọ́n á kọ́ kíláàsì mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n á lọ ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Olùkọ́ arọ́pò á gba ẹ̀kẹrin àti ẹ̀kẹfà, èmi á fi wákàtí tí mi ò ní kíláàsì gba ẹ̀karùn-ún. Wọ́n ti kọ nóòtù ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sílẹ̀ ní yàrá ìdúródè ibùdó ìfọ̀jẹ̀, pẹ̀lú bírò, nínú ìwé ọlọ́gọ́ta ojú ewé. Lójú ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ àṣìṣe tí àwọn ọmọ máa ṣe sí ẹ̀gbẹ́: "Wọ́n á ní òdì lọ́nà òdì jẹ́ òdì. Má tètè bá wọn wí. Bi wọ́n pé kí ló dé." Àwọn ọmọ náà sì ṣe àṣìṣe yẹn gan-an, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ. Nígbà tí àwọn ọmọ bi mí pé níbo ni wọ́n lọ, mo bi Ẹ̀gbọ́n ohun tí mo máa sọ. Wọ́n ní, "Sọ pé mò ń tọ́jú ẹnì kan. Má fi nǹkan kan kún un." Mi ò fi nǹkan kan kún un.

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹta bọ́ sí Friday. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gba ọ̀ọ̀dẹ̀ kọjá, ohùn olùkọ́ á yí padà láàárín gbólóhùn. Kò sẹ́ni tó pe Ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí agogo ìkẹyìn lù lọ́jọ́ Friday yẹn, mo sáré lọ sí yàrá wọn, a dì mọ́ra. A rò pé ó ti rékọjá.

Ní alẹ́ Sátidé ni wọ́n pè mí. Lẹ́tà náà ti dé ilé láti ọjọ́rú, ọjọ́ 13, nígbà tí wọ́n wà níbi iṣẹ́. Àbúrò wọn ló fọwọ́ sí i lẹ́nu ọ̀nà. Ó kà á, ó sì fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Orí ẹ̀rọ ló wà lọ́jọ́ Sátidé yẹn nígbà tó jẹ́wọ́. Mo béèrè bóyá inú wọn bàjẹ́ sí i. Wọ́n ní, "Apá rẹ̀ wà lórí àga, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ. Kí ni mo fẹ́ ṣe fún un?" Lẹ́tà náà fún wọn títí di ọjọ́ 22 láti béèrè ẹjọ́. Ọjọ́ 19 ni aṣojú ẹgbẹ́ bá wọn fi ìbéèrè náà sílẹ̀. Àkókò ṣì wà, àmọ́ díẹ̀ ni.

Wàyí o, kí n sọ èyí tí kò wù mí láti sọ.

Aṣojú ẹgbẹ́ ti kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó gba ìwé pé kí wọ́n yẹ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wò dáadáa. Ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ dandan, tí àgbègbè sì sanwó rẹ̀ bí owó iṣẹ́, lè wọ inú ìṣirò ipò-àgbà. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ò rántí pé àwọn gba owó kankan kí ọjọ́ 20 tó pé. Ní Sátidé ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, mò ń wá fọ́tò ọmọ mi kan nínú fóònù, mo bá kan fọ́tò ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 2018. Gbọ̀ngàn ọ́fíìsì àgbègbè ni. Èmi rèé, mo tínrín, mo ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n so káàdì orúkọ mọ́ àyà, bírò wà lọ́wọ́ wọn, ìwé ìfọwọ́sí wà níwájú wọn. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé nìyẹn. Ìgbìmọ̀ ò tíì fọwọ́ sí ìgbàsíṣẹ́ wọn nígbà náà, ìpàdé kejì oṣù náà ló máa ṣe é, àmọ́ ọ́fíìsì ti ní kí wọ́n wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́rin yẹn.

Ohun tí fọ́tò náà túmọ̀ sí yé mi kí n tó gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Bí ọjọ́ wọn bá di ọjọ́ 6, a dọ́gba. Bí olùkọ́ méjì bá dọ́gba, máàkì ni ìgbìmọ̀ fi ń yà wọ́n: oyè, ìwé-ẹ̀rí, ọdún tí èèyàn ti fi kọ́ni níbòmíì. Kò sí èyí tí mo lè fi borí Ẹ̀gbọ́n níbẹ̀. Èmi ni ẹni tí ọ̀bẹ máa kàn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi fọ́tò náà pamọ́. Mo sọ fún ara mi pé fọ́tò kì í ṣe ẹ̀rí owó. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ méjì ni mo ní, pé Ẹ̀gbọ́n kò bí. Mo tún ń gba kíláàsì karùn-ún wọn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, bí ẹni tó ń san gbèsè lápá kan tó ń jí owó lápá kejì.

Ní Sátidé ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin, mo bá wọn jókòó ti àbúrò wọn ní ibùdó ìfọ̀jẹ̀ kí wọ́n lè sùn díẹ̀. Tútù ni ibẹ̀ máa ń tutù, wọ́n ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo àwọn aláìsàn. Nígbà tó kù bíi wákàtí kan, ó sọ̀rọ̀ láìwò mí. "Àǹtí, ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi lẹ́tà yẹn sábẹ́ ìrọ̀rí, ìyẹn le fún mi ju rọ́bà yìí lọ. Bí wọ́n bá ti wọlé báyìí, màá ṣe bí ẹni pé mo ti sùn." Mi ò dá a lóhùn. Mo tún bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe.

Ọjọ́ Monday tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 8, ni òṣùpá gba iwájú oòrùn kọjá. Ní California, apá kan oòrùn nìkan ló bò, àmọ́ gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ jáde sí pápá ní bíi aago mọ́kànlá pẹ̀lú awò bébà lójú. Àwọn ọmọ ń pariwo, ìmọ́lẹ̀ ṣú díẹ̀ bíi ti ìrọ̀lẹ́. Mo na fóònù sí Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní láti bọ́ awò kí wọ́n tó rí i. Wọ́n wò ó, wọ́n fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, wọ́n wo déètì tó wà lókè rẹ̀.

"Fi ránṣẹ́ sí mi," ni wọ́n wí, wọ́n sì tún awò wọn wọ̀.

Lóru ọjọ́ yẹn ni wọ́n tú páálí ìwé àtijọ́, wọ́n sì rí ìwé owó oṣù Kẹsàn-án 2018. Ọjọ́ mẹ́rin wà lórí ìlà tirẹ̀, iye owó ojúmọ́ iṣẹ́ ni wọ́n san, ó kàn wọ inú owó oṣù àkọ́kọ́ tí wọn ò fi kíyè sí i ni. Agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ gbé e lọ. Ọ́fíìsì ò jiyàn, wọ́n yí ọjọ́ náà padà kí ó tó dé iwájú adájọ́. A dọ́gba. Wọ́n ka máàkì, Ẹ̀gbọ́n bọ́ sí òkè mi.

Ohun tí mi ò mọ̀ ní gbogbo ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ni agbẹjọ́rò náà wá sọ fún mi lórí fóònù láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ìwé ò tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí ọjọ́ 15 oṣù Kẹta tó kọjá. Ẹni tí kò bá gba ìwé nígbà náà, ètò ìdádúró ọdún yẹn ò lè kàn án mọ́. Òfin kan náà sì ni pé wọn ò lè dá olùkọ́ tó ti fìdí múlẹ̀ dúró nígbà tí ẹni tó kéré sí i ní ipò-àgbà ṣì ń ṣe irú iṣẹ́ tó lè ṣe. Nítorí náà, kò sí ẹni tó máa rọ́pò Ẹ̀gbọ́n lórí ìwé. Ọ́fíìsì yóò kàn fagi lé tiwọn ni. Wọ́n fagi lé e ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin. Ewu tí mo ń sá fún ò sí níbẹ̀ rárá. Mo rò pé ara máa tù mí; ojú ló tì mí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ ìwé ò rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Ìwé ìkẹyìn tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní oṣù Karùn-ún. Oṣù 39 ni orúkọ rẹ̀ máa fi wà lórí ìwé àwọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pè bí àyè bá ṣí, àmọ́ ó ní òun ń kó lọ sí ìpínlẹ̀ míì lọ́dọ̀ àwọn òbí òun. Mo fi lẹ́tà ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí i. Kò fèsì, mi ò sì rò pé ó yẹ kó fèsì.

Àwọn dókítà ti ki rọ́bà míì bọ ikùn àbúrò wọn ní oṣù Kẹrin. Ọ̀nà kejì ni: omi oògùn á wọ inú ikùn, á fa ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀ gba ara awọ tó bo ìfun, á sì jáde. Ẹ̀rọ kékeré kan ń ṣe é lóru nílé, bíi wákàtí mẹ́sàn-án, nígbà tí èèyàn ń sùn. Ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ ọ, torí kòkòrò àìsàn tó bá gba ojú rọ́bà yẹn wọlé lè gbé e padà sí ọsibítù. Fọ ọwọ́, fi ìbòmú sí imú, ti fèrèsé, pa fáànù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Ẹ̀gbọ́n fi kọ́ ọ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ọjọ́ mẹ́wàá nínú ọjọ́ 29 náà ló sì gbé wọn gbà á. Láti ìgbà náà ni kíláàsì kẹrin ti padà sọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀.

Ní oṣù Kẹfà, lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ ti parí, mo lọ kí wọn. Ọkọ̀ tó ń kó omi oògùn wá lóṣooṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni. Páálí tò lẹ́nu ọ̀nà dé ibi àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbọ́n jókòó lórí ọ̀kan nínú wọn.

"Ọjọ́ wo lo rí fọ́tò yẹn?"

Mo ti ń retí ìbéèrè náà láti oṣù méjì. Mo ní, "Ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, mà."

Wọ́n fi ìka kà á. Mo rí i tí ètè wọn ń mì bí wọ́n ṣe ń kà á. Wọ́n dé ìka kẹsàn-án, wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n wo ìka náà fún ìgbà díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń wo ọmọ tó pariwo jù nínú kíláàsì.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde kúrò lórí páálí.

"Kó wọn wọlé," ni wọ́n wí. "Oòrùn ò gbọdọ̀ pa á."

Páálí méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Mo kó gbogbo rẹ̀ wọlé.